Wàgàṣì Pupa Tí Ìyá Mi Gbé Yípo Ilé

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: wàrà tí wọ́n ń tà ní Agége nígbà yẹn kò dára. Mo mọ̀ pé àwọn ará Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ka èyí yóò bínú sí mi. Ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, bínú títí ó sú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà sí Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Wàrà tiwọn funfun, ó rọ̀, inú omi ló ń gbé, tí o bá sì dà á sínú ọbẹ̀ tí o kò tètè sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ti fọ́ yángá. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Wàgàṣì là ń pe tiwa. Mílíìkì màlúù náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n á fún omi inú rẹ̀ dànù pátápátá, wọ́n á fi poporo ọkà bàbà sè é kó lè pupa, wọ́n á wá sá a sóòrùn títí yóò fi ki bí ẹran. Ó níyọ̀ díẹ̀, ó lóòórùn èéfín, tí o bá sì gé e jẹ, yóò máa ké láàárín eyín rẹ. Wàgàṣì tí kò bá ké, ìyá mi kì í kà á sí oúnjẹ.

Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní òdìkejì ààlà, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ti ṣèjọba rí. Yorùbá là ń sọ níbẹ̀, ọba wa ń dádé. Síbẹ̀, ní Agége, ará Kútọnu ni gbogbo wa ń jẹ́, ìyẹn tí ẹni tó ń pè wá bá níwà. Bàbá ọkọ mi ló ṣòwò dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ọmọ rẹ̀ ṣe mọra. Àwọn àgbà ìhà méjèèjì jókòó, wọ́n pín obì, wọ́n súre, mo sì tẹ̀ lé ọkọ mi wá sí Èkó, níbi tó ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Èmi ń gba búrẹ́dì ní ilé búrẹ́dì, mo ń tà á níwájú ilé. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, owó epo ń wọlé, gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ ló ń bọ̀ ní Nàìjíríà.

Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi nìkan ló ṣẹ́kù sílé, torí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gba Abijáàn lọ, ẹni tó sì gba Abijáàn lọ, ẹ má dúró dè é. Ìyá mi ṣubú lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan. Ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, kí obìnrin tó ń kọjá lọ odò tó gbóhùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ròyìn ìyẹn fún mi, mi ò lè jẹun. Mo lọ gbé e, mo sì búra fún ara mi pé kò tún ní í dá gbé inú ilé yẹn mọ́ láyé.

Ìbúra rọrùn. Nígbà tó dé Agége, kò jẹun. Yóò bu òkèlè kan, yóò bu ìkejì, yóò ní òun ti yó. Ẹran Èkó, ó ní kò lórúkọ. Ẹja tútù inú yìnyín, ó ní ó ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Wàgàṣì ló ń béèrè. Iṣẹ́ ìyá mi nìyẹn láti ìgbà tó wà lọ́mọge: yóò jí lọ sí gáà àwọn Fúlàní, yóò ra wàgàṣì lọ́wọ́ àwọn ìyàwó wọn, yóò rù ú wá sọ́jà. Mo ra wàrà Agége fún un. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka wọlé. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ń rù. Ọrùn rẹ̀ di pẹ́lẹ́ńgẹ́, bùbá rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ léjìká. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó ní, “Ọmọ mi, ibí yìí kò gbà mí. Jẹ́ kí n máa lọ sílé mi.”

Mo fìbínú dá a lóhùn pé, “Kí ẹ lọ ṣubú síbo?”

Èmi ò sùn dáadáa lóru náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mú wíwá wàgàṣì bí iṣẹ́. Mo gbà lọ́kàn ara mi pé tí ìyá mi bá ti lè rí nǹkan ilé jẹ ní Agége, yóò jókòó, tí kò bá rí i jẹ, yóò padà lọ kú sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo wá a ní ọjà Agége, mo wá a dé Ọ̀ṣódì. Wàrà inú omi ni wọ́n ń gbé fún mi wò.

Ẹnì kan wá sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà ní Allen Avenue, níbi tí àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti ń rajà, pé wàrà òyìnbó wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ìsìn, mo lọ. Inú ṣọ́ọ̀bù náà tutù bí ẹni wà nínú kànga. Bí mo ṣe bojú wo ibi tí wọ́n to wọ́n sí, mo rí i: roboto, ó pupa, ó ki. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Mo rà á, mo gbé e mọ́yà bọ̀ wálé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ìyá mi gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá gé e, ó ju tòun tèèpo sẹ́nu. Ó rún un títí, ó tu pupa ibẹ̀ sọ́wọ́. Ó bi mí pé, “Ta ló kú tí wọ́n fi àbẹ́là wé oúnjẹ?” Àṣé nǹkan bí àbẹ́là ni wọ́n fi kùn ún níta. Mo bọ́ ọ, mo fún un ní inú rẹ̀. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín ní tèmi, torí ìyá mi tún padà dùbúlẹ̀ láìjẹ nǹkan mìíràn.

Ìdí búrẹ́dì ni mo ti wá rí ohun tí mò ń wá kiri. Ìyá Fúlàní kan máa ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi láràárọ̀, mi ò sì fọkàn sí i rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ̀ síwájú láti gba búrẹ́dì, mo bá gbóòórùn gáà lára aṣọ rẹ̀, èéfín igi àti mílíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kaná. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá bí ará Ìlọrin, ó ní ẹ̀yìn ọjà màlúù ni àwọn ń gbé, pé àwọn máa ń ṣe wàrà fún àwọn ènìyàn àwọn, àwọn kì í gbé e lọ sọ́jà.

Mo mú ìyá mi lọ bá a. Wọ́n gbé àpótí fún un, ó jókòó ti ìkòkò, ó sì di ẹni tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ lójú mi. Ó béèrè iye ewé bòmubòmu tí wọ́n fún sí mílíìkì náà kó lè dì. Ó ní ó ti pọ̀ jù, pé yóò korò. Ìyá Fúlàní náà ní bí ìyá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn. Ìyá mi ní, “Ìyá yín kò ṣì yín kọ́, màlúù tibí ni mílíìkì rẹ̀ ṣan.” Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n dín ewé kù, wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n dà á sínú asẹ́, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí omi rẹ̀ lè jò tán. Nígbà tí a padà lọ gbé e, ó ti dì. Ìyá mi fi ẹ̀kọ jẹ odidi kan níwájú mi. Mo gbọ́ ọ tó ń ké lẹ́nu rẹ̀. Mo yíjú sẹ́yìn, mo sunkún, inú mi dùn débi pé ó ń dùn mí.

Ó ku pupa. Ó ní funfun yìí kò tíì parí, pé àwọn kì í gbé wàgàṣì tí kò wọṣọ jáde. A rí poporo ọkà bàbà lọ́dọ̀ àwọn alágbo ní ọjà Agége, àwọn tó ń tà á fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ọyẹ́ ti ń mú, oòrùn gbẹ, ó dára fún sísá nǹkan. Ìyá mi tẹ́ wàgàṣì rẹ̀ sórí àtẹ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń yí wọn padà, ó ń lé eṣinṣin. Ó ń jẹun. Ó ń bá àwọn ọmọdé ilé ṣeré. Kò sọ̀rọ̀ lílọ sílé mọ́.

Àárín ìyẹn ni rédíò sọ̀rọ̀. Ìjọba ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sí ìlú wọn, wọ́n sì dá ọjọ́ fún wọn. Kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí ojú àwọn ènìyàn ti yí padà. Ọkùnrin aránṣọ kan tó ti wà ládùúgbò wa tipẹ́, ọmọ Gánà, àwọn tó ń rán aṣọ fún ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ni yóò gbéra. Wọ́n ní ẹni tó bá fi àjèjì pamọ́ sílé yóò jìyà pẹ̀lú wọn.

Ọkọ mi pè mí sínú yàrá. Ó ní, “Láti òní lọ, ará Ṣakí ni Ìyá. Kò sẹ́ni tó mọ̀yàtọ̀ ohùn Ṣakí sí ti Ṣábẹ̀ẹ́ nínú ilé yìí.”

Mo ní, “Èmi ńkọ́?”

Ó ní, “Ìwọ ti di ará Ògbómọ̀ṣọ́, àbí mo ṣì ń sanwó orí?” Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín ni. Àwa méjèèjì mọ̀ pé a kò ní ìwé kankan lórí ìgbéyàwó wa. Obì ni wọ́n pín. Obì kò sì ní òǹtẹ̀.

Mo lọ bá ìyá mi nídìí àtẹ, mo sọ fún un pé tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, Ṣakí ni kó sọ. Ó yí wàgàṣì kan padà. Ó ní, “Ta ni mo mọ̀ ní Ṣakí?” Mo ní kò sẹ́ni tí yóò bi í léyìí. Ó ní ó dáa. Èmi náà sọ fún àwọn ará ilé pé ará Ṣakí ni, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Mo ti gbàgbé ìṣe àwọn oníwàgàṣì ni. Ní ọ̀dọ̀ wa, àkọ́ṣe kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é. Wọ́n máa ń dín in ni, wọ́n á gbé e yípo ilé, kí oníkálukú jẹ ẹ́, kó sọ àléébù rẹ̀, kí ẹni tó ni ín sì sọ ibi tó ti wá: gáà wo, ọwọ́ ta, báwo ni wọ́n ṣe sè é. Oníwàgàṣì tó bá purọ́ ibi tí wàgàṣì rẹ̀ ti wá, ọjà ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí pupa yìí gbẹ, ìyá mi kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi wà nílé búrẹ́dì. Ó gbé epo kaná, ó dín in, ó gbé àwo, ó bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àkọ́kọ́.

Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo dé. Ìyàwó tíṣà tó ń gbé òdìkejì wa, ará Èkìtì, ló ń jẹ ẹ́, epo ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi orí dáhùn. Obìnrin náà kò burú. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìlẹ̀kùn.

Ó ní, “Ẹ̀yin Ìyá, èyí dùn o! Mi ò jẹ irú rẹ̀ rí. Kí lẹ fi kùn ún?”

Ìyá mi ní poporo ọkà bàbà ni.

Ó ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ṣakí nìyẹn? Ọmọ Ṣakí ni ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Dọ̀pẹ̀mú, funfun ni tiwọn.”

Búrẹ́dì ṣì wà lórí mi. Ìyá mi gbójú sókè, ó rí mi. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Mo fi ojú bẹ ìyá tó bí mi bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá. Ó wo àwo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ṣakí kọ́, ọmọ mi. Wọn ò mọ èyí ṣe ní Ṣakí. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí. Àwa la ni ín.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gáà ibẹ̀ fún un níkọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń dán.

Nígbà tí a wọ yàrá, mo gbaná jẹ. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí wọ́n wá fi ọlọ́pàá kó wa ni. Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ kékeré tí mo bá a sọ ló le tó bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò bínú. Ó ní, “Nǹkan tí mo fi ẹnu mi tà láti kékeré. O fẹ́ kí n jókòó, kí wọ́n máa jẹ ẹ́, kí n wá ní kì í ṣe tiwa?”

Mo ní, “Kí wàgàṣì wá gbà yín nígbà náà.” Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ó sì ti jáde.

Ìyàwó tíṣà kò gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìdí omi ẹ̀rọ ló gbé e lọ, níbi tí gbogbo ilé ti ń pọnmi, ó ń yin wàgàṣì ìyá Ṣábẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá onílé ti wá kan ilẹ̀kùn wa. Àgbà ni, kì í pariwo. Ó bọ́ fìlà, ó ní, “Ìyàwó, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Ẹ jẹ́ kí Ìyá kúrò nílé fún ìgbà díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ yìí rọlẹ̀.” Ó sì ti jẹ nínú wàgàṣì náà, mo mọ̀, torí òun ni ìyá mi gbé méjì fún.

Ọkọ mi ní kí a gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pè é ní ọmọ dáadáa, ó sì ní rárá. Ó dúró kí ọkọ mi jáde tán kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Tí wọ́n bá mú mi lọ́dọ̀ yín, ìwọ ni wọ́n máa kọjú sí. Ìwé wo lo ní?” Ó tún ní, “Mo ti rí i jẹ. Ó tó. Bá mi di ẹrù.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo ní ta ni yóò gbọ́ tó bá tún ṣubú. Ó ní òun yóò máa rọra rìn.

Ọkọ mi kò rí ààyè gbà níbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo sìn ín dé Dọ̀pẹ̀mú, níbi tí ọkọ̀ Ìdìrókò ti ń kó èrò. Ibẹ̀ kún. Àwọn ènìyàn ru bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ru fáànù, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n tòun ti ìkòkò. Ọkùnrin kan tó wọ káákì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ya àwọn tó ń lọ sọ́tọ̀, ó ń béèrè ibi tí oníkálukú ti wá. Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le. Ó wo ilà ojú ìyá mi, ó bi í léèrè, ìyá mi ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ó ní kó bọ́ sí apá kan. Ó wá wo èmi tí mo ru ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìyá mi, ó tún wò mí.

Ó ní, “Ìwọ ńkọ́? Ẹ jọra.”

Mo ya ẹnu mi. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀ títí di òní.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ṣé gbogbo ẹni tó bá ti bá arúgbó rìn lọmọ rẹ̀? Ìyàwó ilé tí mo wọ̀ sí ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àánú mi ló ṣe é tó fi bá mi ru ẹrù. Èmi ò bí obìnrin láyé mi.”

Ọkùnrin náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá mi nawọ́ gba ẹrù lórí mi. Ó ní, “O ṣeun, ìyàwó. Máa lọ sílé, kí ọkọ rẹ má baà máa wá ọ,” bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Mi ò lè dì mọ́ ọn. Mi ò lè kúnlẹ̀. Ó gun ọkọ̀, ó jókòó sí ìhà ibi tí mi ò ti ní í rí ojú rẹ̀. Mo dúró títí ọkọ̀ fi kún, tó sì gbéra.

Ọkùnrin oníkáákì wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó ní, “O káre, ìyàwó. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣàánú wọn báyìí. Ọlọ́run á san án fún ọ.”

Mo ní àmín.